Ẹni Tó Bá Gé E Ló Ń Mú Kẹ́yìn

Agboolé Dede Ubani,
Umunjika,
Ọjọ́ kejì ọjà Nkwọ.

Enyinnaya ọmọ mi,

Mo kí ọ, ìyá rẹ kí ọ, Dede Ubani ẹ̀gbọ́n mi kí ọ, ewúrẹ́ tí o fi sílẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ náà ì bá kí ọ ká ní ó mọ bí wọ́n ṣe ń di kálámù mú. Ọlọ́run tó mú ọ dé Pọ́tákọ̀tù kò ní gbàgbé rẹ síbẹ̀. Ọkọ̀ ibẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́, iná ibẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́, àwọn ọmọge ibẹ̀ tí wọ́n ń wo àpò èèyàn kí wọ́n tó wo ojú rẹ̀, orúkọ rẹ kò ní wá sí wọn lẹ́nu. Àmín. Bí o bá fẹ́ mọ̀ nípa tiwa, a wà láàyè. Iṣu ta dáadáa, òjò kò sì bínú sí wa púpọ̀. Orúnkún ìyá rẹ nìkan ni kò gbọ́ràn, ó máa ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́ nígbàkígbà tó bá dìde.

Kí n tó sọ ọ̀rọ̀ tó gbé mi jókòó, jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá ọ jà. Tíṣà Wabara fi hàn mí lórí fóònù rẹ̀ pé o ti ṣéà fọ́tò mi, èyí tí mo wọ ẹ̀wù pupa ọjọ́ Kérésì, àti pé igba èèyàn ló ti tún un ṣéà lẹ́yìn rẹ. Mo ní kí ló ń jẹ́ ṣéà. Ó ní pípín ni. Ara mi bù máṣọ. Enyinnaya, kí ni mo ṣe fún ọ? Èmi kan ṣoṣo, ara tí kò tóbi, o wá pín mi fún igba èèyàn! Mo bi tíṣà pé ta ló mú orí. Ó rẹ́rìn-ín títí gíláàsì fi jábọ́ lójú rẹ̀, ó ní Erondu, kò sẹ́ni tó gé nǹkan kan, gbogbo wọn ló mú ẹ lódindi. Mo ní irọ́ ni, ohun tí wọ́n bá pín gbọ́dọ̀ kéré sí i. Láti ọjọ́ náà ni sòkòtò mi ti ń bọ́ nídìí mi. Ìyá rẹ ní mi ò jẹun tó ni. Èmi mọ ohun tí mo mọ̀.

Tíṣà wá bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ mi. Ó ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, orí rẹ̀ pọ̀ bí orí kókò. Ó ní bí èèyàn méjì bá jọ ń gbé yàrá kan, wọ́n ń ṣéà á. Bí èèyàn bá fi owó sí ilé iṣẹ́ tí kò dé rí, tí kò mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ti ní ṣéà níbẹ̀. Bí obìnrin bá dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ń sunkún sọ bí Ọlọ́run ṣe yọ òun lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀, ẹ̀rí ló ń ṣéà, bí ìsìn bá sì parí, gbogbo ìjọ á di ojú, wọ́n á ṣéà oore-ọ̀fẹ́. Mo gbọ́ ọ tán, mo bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo lórí gbogbo wọn: ta ló ń gé e, ta ló sì ń kọ́kọ́ mú? Ó họ orí. Mo ní ṣé o rí i báyìí, Gẹ̀ẹ́sì mọ bí wọ́n ṣe ń pe nǹkan, kò mọ bí wọ́n ṣe ń pín in.

Ìwọ mọ̀ ọ́n, àyàfi bí Pọ́tákọ̀tù bá ti fọ̀ ọ́ kúrò lórí rẹ. Láti ìgbà tí Umunjika ti wà, ọkùnrin tó kéré jù nínú àwọn tó jókòó ló ń gé ẹran, ẹni tó dàgbà jù ló ń kọ́kọ́ mú, a ó sì máa sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi kan ẹni tó gé e. Ẹni tó bá gé e ló ń mú kẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀bẹ wa kì í fi í ṣe ojúsàájú, nítorí èyí tí o bá gé tó kéré, ìwọ ni yóò kù fún. Èmi ni mo ṣì ń gé e. Mo ti lé ní ogójì ọdún, irùngbọ̀n mi ti ń funfun, síbẹ̀ èmi ni ọmọdé Umunjika, nítorí gbogbo ẹ̀yin tó yẹ kẹ́ ẹ gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi ti sá lọ sí Aba àti Pọ́tákọ̀tù. Bó ti wù kí n gé e dọ́gba tó, ọrùn kò lè di itan. Ọrùn àti pátákò ni mo ń jẹ láti ìgbà tí mo ti gbéyàwó. Bí wọ́n bá ṣí ikùn mi, pátákò tí wọ́n máa bá níbẹ̀ á tó fún màlúù kan láti fi rin ìrìn àjò.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi jókòó nìyí. O rántí Olóyè Nwaghala tó ń ta sìmẹ́ńtì ní Aba, tó kọ́ ilé alájà méjì sí ẹ̀gbẹ́ ọjà wa, tí kì í sùn níbẹ̀ àfi lásìkò Kérésì. Ó fẹ́ jọba. Ìyẹn kò burú, ajá náà fẹ́ jókòó lórí àga. Ṣùgbọ́n Umunjika ti ní ọba, ọba náà kò sì ṣàìsàn. Olóyè ti ra adé tirẹ̀ tán, wọ́n ní ó wà nínú páálí lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, ìlú tí yóò dé e lé ló kù tó ń wá. Ló bá gba ọ̀dọ̀ ìjọba lọ pé Umunjika ti tóbi jù, kí wọ́n là á sí méjì, kí Umunjika Òkè wà, kí Umunjika Ìsàlẹ̀ wà, kí oore ìjọba lè máa gba ọ̀nà méjì wọlé tọ̀ wá. Enyinnaya, èyí tó ń gba ọ̀nà kan bọ̀ gan-an, a ò tíì rí i kó dé.

Ó rán wọnlẹ̀wọnlẹ̀ wá. Ọkùnrin náà gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀ níwájú ilé wa, ó di ojú kan, ó ń fi èkejì wò wá. Mo mọ kámẹ́rà bí mo bá rí i. Mo ní kó ṣe sùúrù, mo sáré wọlé lọ wọ ẹ̀wù pupa, mo gbé Dede Ubani jáde, mo pe ìyá rẹ, a tò síwájú rẹ̀, a fi ewúrẹ́ sáàárín. A dúró títí oòrùn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sun orí wa. Ó ń fọwọ́ ṣe wá pé ká yà, àwa rò pé ó ní ká sún mọ́ra. Ìgbà tó sú u, ó pè mí bí ẹni ń pe ẹ̀gbọ́n, ó ní Dede, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ dúró sórí ààlà. Mo ní ààlà kí ni? Ó gba àárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kọjá, ó sì kan èèkàn kan tí wọ́n kùn ní pupa mọ́lẹ̀ síbi tí ìyá rẹ máa ń sá ẹ̀gẹ́ sí.

Bí ilé bàbá mi ṣe di ìlú méjì nìyẹn. Yàrá mi bọ́ sí Ìsàlẹ̀, yàrá Dede Ubani bọ́ sí Òkè. Ilé ìgbẹ́ tí a jọ ń lò wà lórí ààlà gan-an, ẹni tó bá lóṣòó síbẹ̀, ìdí rẹ̀ wà ní ìlú kan, orúnkún rẹ̀ wà ní èkejì. Ìsun omi wa lọ sí Òkè, ọjà Nkwọ lọ sí Òkè, ilé ìwé lọ sí Òkè, Òkè yẹn náà ni Olóyè sì mú pé òun fẹ́ jọba lé. Àwa ará Ìsàlẹ̀, wọ́n fún wa ní ọ̀gbun ńlá tí àgbàrá gbẹ́, èyí tó gbé oko Dede Ahukanna mì, wọ́n sì fi igbó tí wọ́n ń gbé àwọn tó kú ikú burúkú sọ sí ṣe ènì fún wa.

Ṣùgbọ́n omi kò dùn mí tó èèkàn yẹn. O mọ̀ pé mo ṣì ń rákò nígbà tí bàbá wa kú. Ẹ̀yìn Dede Ubani ni mo gùn lọ sí ilé ìwé, iṣu inú àká rẹ̀ ni mo fi fẹ́ ìyá rẹ. Ní báyìí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ, èmi ni mo ń gbé e jáde sínú oòrùn láràárọ̀. Olóyè wá ní kí wọ́n kéde káàkiri pé lọ́jọ́ tí ìjọba bá ti tẹ òǹtẹ̀, ọmọ ìlú kan kò gbọdọ̀ jókòó nínú ìpàdé ìlú kejì, kò gbọdọ̀ gba ẹran níbẹ̀, oníkálukú ni yóò sì máa sin òkú tirẹ̀. Ìyẹn ni pé bí ẹ̀gbọ́n mi bá kú, èmi á dúró sẹ́yìn èèkàn bí àlejò, àwọn tí wọ́n ń ru sìmẹ́ńtì fún Olóyè ni yóò da yẹ̀pẹ̀ bò ó. Dede Ubani gbọ́, ó jẹun rẹ̀ tán. Ó wá ní kí n bá òun sún ẹní òun mọ́ ìdí èèkàn, pé bí ikú bá dé, òun á gbìyànjú kí òun ṣubú sí ọ̀dọ̀ mi.

Mo fa èèkàn náà tu. Wọ́n tún un kàn. Mo tún fà á tu. Olóyè ní kí wọ́n kàn án pa dà, ó sì rán ọlọ́pàá sí mi, ọlọ́pàá ní dúkìá ìjọba ni, ẹ̀wọ̀n ló máa ń gbé èèyàn lọ. Mo ní kí ni ìjọba ń so mọ́ ọn? Ó ní kò sí. Mo ní kí ó má di ohun tó wà lásán, mo bá so ewúrẹ́ mọ́ ọn. Ewúrẹ́ ń jẹ koríko ìlú méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó bi í pé ará ibo ni.

Ọjà Nkwọ tó kọjá ni òṣìṣẹ́ ìjọba dé láti Umuahia, òǹtẹ̀ wà nínú àpò rẹ̀. Olóyè pa màlúù. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn wa, ó kàn mọ̀ pé bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Wọ́n pè mí bí ìṣe wọn: Erondu, ọmọdé wa, ọ̀bẹ dà? Olóyè fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ọmọdé yìí ò ní dàgbà láéláé ni, àbí wọ́n gbé òkúta lé e lórí? Mo ní Olóyè, ẹ̀yin lẹ kó àwọn àbúrò mi lọ ru sìmẹ́ńtì, ta lẹ fẹ́ kí n gbé ọ̀bẹ fún? Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò dé ojú. Mo gé ẹran. N kò tíì gé ẹran kó dọ́gba tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo tò ó sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo dúró tì í.

Kí ẹnikẹ́ni tó mú, òṣìṣẹ́ ìjọba dìde, ó ka ìwé gígùn kan. Tíṣà Wabara ń túmọ̀ rẹ̀ sí mi létí, ó ní wọ́n pín ìlú, wọ́n pín ilẹ̀, wọ́n pín ojúṣe, gbogbo rẹ̀ kún fún pípín bí ìgbà tí eéṣú kún oko. Ó wá bi wá pé ṣé gbogbo ìlú fara mọ́ ọn, kí òun tẹ̀ ẹ́. Àwọn tí Olóyè ti fún ní fìlà pupa oyè kígbe pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tó ń wo ẹran náà kígbe pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo bọ́ síwájú, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀jẹ̀ wà lára ẹ̀wù mi, òṣìṣẹ́ ìjọba fà sẹ́yìn. Mo ní ẹ má fòyà, sà, ìbéèrè ni mo ní. Ta ló gé ìlú yìí?

Olóyè kò jẹ́ kí ẹlòmíràn dáhùn. Ó lu àyà, ó ní èmi Nwaghala ni mo gé e, èmi ni mo sanwó wọnlẹ̀wọnlẹ̀, kò sẹ́ni tó dá kọ́bọ̀ mọ́ ọn fún mi. Mo ní ẹ kú iṣẹ́, sà. Ṣé ẹ gé e dọ́gba? Ó ní ó dọ́gba bí ojú méjèèjì tó wà lórí ẹ yẹn. Mo ní ó tán. Ẹ̀yin lẹ gé e, ẹ̀yin lẹ máa mú kẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí Dede Ahukanna kọ́kọ́ mú.

Dede Ahukanna, tó dàgbà jù nínú wa, tí etí rẹ̀ kì í gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́ àfi ọ̀rọ̀ ẹran, gbé orí sókè. Ó ní ṣé ó kàn mí? Mo tẹ̀ sí i létí, mo ní ó kàn yín, Dede, ṣùgbọ́n ìlú ni wọ́n gé lónìí, ó di ọ̀nà méjì, ọ̀kan ní omi àti ọjà àti ilé ìwé, èkejì ní ọ̀gbun àti igbó burúkú. Ó ní ta ló gé e? Mo ní Nwaghala ni. Ó ní Nwaghala tó jẹ́ pé èmi ni mo gun igi lọ gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ tó lọ jí àgbọn? Mo ní òun náà ni. Ó ní ó gé e, ó sì ti mú? Mo ní ó ti mú, Dede. Arúgbó náà fi ọ̀pá gún ilẹ̀. Ó ní láti ìgbà wo ni ẹni tó di ọ̀bẹ mú ti ń kọ́kọ́ mú, ṣé oko olè la wà ni? Èmi Ahukanna, mo mú èyí tó ní omi. Kó máa gbé ọ̀gbun ẹ̀ lọ.

Olóyè fò dìde, ó ní ilé òun ńkọ́, ilé alájà méjì òun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà! Dede Ahukanna ní má fòyà, a ó máa bá ẹ tọ́jú ẹ̀, a kì í lé àlejò níbí. Olóyè ní kí lẹ fẹ́ kí n fi ọ̀gbun ṣe? Dede ní ohun tí o ní káwa fi ṣe ni kó o fi ṣe.

Àwọn obìnrin tó ń se ọbẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ, pẹ̀lú orúnkún tí kò gbọ́ràn, fò sókè, ó kígbe pé Ọba Ọ̀gbun, kí adé pẹ́ lórí! Gbogbo wọn gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ń bi í pé kábíyèsí, àkàbà wo lẹ máa fi sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ààfin? Òṣìṣẹ́ ìjọba tẹ̀ sí Olóyè, ó rọra bi í pé níwọ̀n ìgbà tí ọ̀nà méjèèjì dọ́gba, ṣé Olóyè á lè gba èyí tó kù? Olóyè wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó wo àwọn onífìlà pupa rẹ̀, àwọn yẹn ń wo ẹran. Ó ní kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀ bó ṣe wà. Òṣìṣẹ́ ìjọba dá òǹtẹ̀ padà sápò, ó na ọwọ́ sí itan. Mo ní sà, kò tíì kàn yín. Ó ká ọwọ́ kò, ó sì dúró títí ó fi kàn án. N kò tíì rí èèyàn ìjọba tó dúró de ohun tó kàn án rí, bóyá ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀wù mi ló fà á.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, pásítọ̀ ní ká ṣéà oore-ọ̀fẹ́. Olóyè kò di ojú tirẹ̀. Ó ń ṣọ́ wa.

Ọrùn àti pátákò náà ló kù fún mi. Mo gbé e délé, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Dede Ubani. Ó fa itan tí wọ́n gbé wá fún un sọ́dọ̀, ó ní kí n mú ọ̀bẹ náà wá, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé e sí méjì, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó wá ní Erondu, mú. Mo ní Dede, ẹ̀yin lẹ dàgbà, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ń mú. Ó ní èmi ni mo gé e, òmùgọ̀, mú. Mo mú. Èèkàn náà, mo ti fà á tu, mo fá a dán, òun ni Dede Ubani fi ń tilẹ̀ báyìí bí mo bá gbé e dìde. Ọ̀dà pupa ṣì wà lórí rẹ̀. Ọ̀pá ìjọba ni, kò lè tètè kán, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n mú wá fún wa tó wúlò nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe fún mi nìyí. Ra ọ̀bẹ tuntun ránṣẹ́, ti àtijọ́ ti jẹ dé ìdí. Fi òróró orúnkún ránṣẹ́ sí ìyá rẹ, èyí tó ń ta bí ata, ó ní èyí tí kò bá ta kì í ṣe oògùn. Fi owó díẹ̀ sí i, nítorí Ọlọ́run má ṣéà á, fi ránṣẹ́ lódindi. Èyí tí o fi ránṣẹ́ gbẹ̀yìn, báǹkì ti gé tirẹ̀ kúrò kó tó kàn mí. Lọ bá ọ̀gá wọn, kí o kí i dáadáa, kí o sọ fún un pé èmi bàbá rẹ ní ẹni tó bá gé e ló ń mú kẹ́yìn, bóyá kò sẹ́ni tó kọ́ ọ nílé ni.

Tíṣà ya fọ́tò mi lọ́jọ́ yẹn, pẹ̀lú ọ̀bẹ àti ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn, mo gbà kí o ṣéà á, bí mo tilẹ̀ tún máa rù sí i. Ṣéà á kó dé Abuja, níbi tí mo gbọ́ pé ẹni tó di ọ̀bẹ mú ló ń mú ṣáájú, tó tún ń mú tẹ̀lé e, tó sì ń bi àwọn tó kù pé kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń wo ewé.

Wá sílé nígbà iṣu tuntun, kí o wá gba ọ̀bẹ yìí lọ́wọ́ mi. Ó tó gẹ́ẹ́. Mo fẹ́ tọ́ igẹ̀ wò kí eyín mi tó tán.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ilé, yóò fún ọ ní ọ̀nà. Ohun tó bá kàn ọ́, ẹnìkan kò ní gbà á mú. Àlàáfíà tó wà nínú ilé yìí, mo ti gé e sí méjì, mo sì pẹ́ lórí rẹ̀. Èmi ni mo gé e, Enyinnaya. Mú.

Èmi ni bàbá rẹ,
Erondu, ọmọdé Umunjika.